Ohùn Kọ́ Ni Àpìkẹ́ Kò Ní

Ilé Fásanmí,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ọ̀tan-Ilé.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Elisha ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Òṣogbo níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé wọn ò ṣe ọ́ níkà níbi iṣẹ́? Bí o bá ń béèrè wa, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló ń dùn mí, ṣùgbọ́n òkú ni ẹsẹ̀ kì í dùn. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ológoṣẹ́ kò ní gbàgbé rẹ. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ, ilẹ̀ ni yóò máa wò títí tí wàá fi kọjá. Mo ní kí n tètè ṣe àdúrà náà báyìí, nítorí inú ń bí mi, bí mo bá sì dé àárín lẹ́tà yìí, mi ò mọ̀ bóyá ẹnu mi á ṣì gba àdúrà.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Ewúrẹ́ funfun bí méjì. Bàbá Adéyọrí tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti fẹ̀yìn tì, ohùn agogo ti wà nínú fóònù Alàgbà báyìí, wọ́n so ó mọ́ gbohùngbohùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹnì kan pe fóònù náà nígbà tí agogo ń dún lọ́wọ́, gbogbo ìlú sì gbọ́ bí ó ṣe ń sọ fún Alàgbà pé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà kò tíì jẹun.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi Àpìkẹ́, Màmá Kékeré rẹ, ni mo fẹ́ sọ.

O mọ̀ pé Amos Ògúnjìnmí ọkọ rẹ̀ kú nínú oṣù Kẹfà. O kò wá sin ín. O ní o wà ní Nàìróbì, níbi tí ẹ ti ń jíròrò lórí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn opó, mo sì fi ọ́ yangàn fún àwọn tó wá kí wa. Nígbà tí a ṣe ogójì ọjọ́ tán, Àrẹ̀mú Ògúnjìnmí, àbúrò olóògbé, wá bá Àpìkẹ́ pé òun ló kàn láti ṣú u lópó. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni Àpìkẹ́. Ó ní òun ò wá ọkọ mọ́, kí Àrẹ̀mú lọ wá ẹni tó ṣì lè pọnmi fún un. Àrẹ̀mú ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bímọ fún ẹbí kò lè máa jókòó sínú ilé ẹbí. Ó dúró di ọjọ́ tí Àpìkẹ́ lọ sọ́jà, ó kó ẹrù rẹ̀ síta, ó sì fi àgádágodo tó tóbi tó orí ọmọ tuntun ti ilẹ̀kùn. Ilé tí Àpìkẹ́ fi orí ara rẹ̀ ru omi tí wọ́n fi po yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo rí i.

Mo lọ bi Àrẹ̀mú pé àṣà wo nìyẹn. Ó ní àṣà Ìjẹ̀ṣà ni. Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ nílé ìwé, Àrẹ̀mú tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹta, tí kò lè ka ìlọ́po méje kọjá ìkẹrin, òun ló fẹ́ kọ́ mi ní àṣà.

Síbẹ̀ mi ò dààmú. Mo mú Àpìkẹ́ wá sọ́dọ̀ mi, mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọmọ wa ni akọ̀wé àgbà Ẹgbẹ́ Ohùn Aláìlóhùn, pé iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun gan-an nìyí. Àpìkẹ́ bi mí pé ta ni aláìlóhùn náà. Mo ní òun ni. Ó ní kí ló ṣe ohùn òun. Ìwọ náà mọ̀ pé bí Àpìkẹ́ bá gbé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó wà lóko mọ ẹsẹ tí a dé. Ohùn kọ́ ni Àpìkẹ́ kò ní, Elisha. Kọ́kọ́rọ́ ni kò ní.

Mo wá kọ̀wé sí ọ lórí fóònù. Odidi àárọ̀ kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́, mo fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ bó ti yẹ. Munawwarah tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló fi ibi tí wọ́n kó àmì sí hàn mí. Èsì tí o fún mi ni àtàǹpàkò kan ṣoṣo, àwọ̀ ìyeyè, ó nà ró ṣánṣán. Mo wò ó títí. Nígbà tiwa, ẹni tí kò mọ̀wé ló ń tẹ̀ka. Mo ta kòkó bàbá rẹ kí o lè lọ sí yunifásítì, o lọ, o gboyè méjì, o wá ń tẹ̀ka fún ìyá rẹ. Munawwarah ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o ti gbọ́. Mo ní bó bá gbọ́, kó máa bọ̀.

Dípò kí o wá, o fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé kí Àpìkẹ́ kọ́kọ́ kọ ọ́. A kọ orúkọ, a kọ ọjọ́ orí, a kọ irú ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Ìgbà tí a dé ìparí, fọ́ọ̀mù náà ní kí Àpìkẹ́ fi hàn pé òun kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó to àwòrán mẹ́sàn-án kalẹ̀, ó ní kó fọwọ́ kan èyí tí iná tó ń darí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀tan-Ilé wo ni irú iná bẹ́ẹ̀ wà? Àpìkẹ́ fọwọ́ kan ọ̀kadà, ó ní òun rí iná lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́ọ̀mù kọ̀ ọ́. Ó fọwọ́ kan òmíràn, ó tún kọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ṣe dá opó lẹ́jọ́ pé kì í ṣe ènìyàn.

Ẹ tún ní kí n wá sí ìpàdé orí fóònù. Mo wọ ìró àti bùbá tí mo fi ń gba ara Olúwa, mo jókòó síwájú fóònù kí agogo mẹ́wàá tó lù. Mo rí ọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti yọ, mo dúpẹ́. Àwọn èèyàn yín kí ara wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, mo fi aago ọwọ́ mi kà á: Kọ́múrédì kí Àmbásádọ̀, Àmbásádọ̀ kí Dókítà, Dókítà tí kò ní ilé ìwòsàn kankan. Nígbà tó kàn mí, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìsìnkú dé orí àgádágodo, omi ń bọ́ lójú mi, ojú ẹnikẹ́ni kò yí padà. Ìgbà tí mo parí ni ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé àwọn ti pa ohùn mi látìgbà tí mo ti wọlé, kí ariwo adìẹ má baà dí ìpàdé lọ́wọ́. Ó ní kí n máà bínú, àsìkò ti tán. Ẹgbẹ́ Ohùn Aláìlóhùn. Mo gbé ohùn mi tọ̀ yín wá láti ilé, ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn lo wá gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ sórí ayélujára. O pe àkọlé rẹ̀ ní Dúró Ti Ìyá Àpìkẹ́, o ní kí gbogbo ayé fọwọ́ sí i, o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, ni ọjọ́ ìdúró. Láràárọ̀ ni Munawwarah ń ka iye wọn fún mi bí ẹni ka àbájáde ìdánwò. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́ Ẹtì, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, irínwó ó lé méjìlá èèyàn ló ti sọ pé àwọn dúró ti Àpìkẹ́. Mo sunkún ayọ̀. Nínú èdè tí mo fi kọ́ ọmọ, ẹni tó bá dúró ti ènìyàn, ó ní ibi tó fẹsẹ̀ lé. Mo bá tọ Alàgbà lọ, mo yá bẹ́ǹṣì mẹ́tàdínlógún nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo tò wọ́n síwájú ilé. Bẹ́ǹṣì kan ń gba èèyàn mẹ́fà. Mo ṣírò rẹ̀, ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá tí kò ní rí àyè jókòó, mo ní kò burú, wọ́n kúkú ti sọ pé ìdúró làwọn fẹ́ dúró.

A pọnmi kún àgbá mẹ́ta. Àpìkẹ́ se ẹ̀wà, ó ní kò ní ká gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó bá tètè dé á rí nǹkan fi panu. Mo lọ dúró sí oríta láti aago mẹ́jọ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣìnà. Oòrùn là, oòrùn rọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó wá ni ọkùnrin tó ń ta oògùn eku. Ó jókòó, ó mumi, ó jẹ ẹ̀wà, ó bi mí pé òkú ta la fẹ́ sin.

Mo pè ọ́. O ní orí ayélujára ni wọ́n ti dúró. Mo ní orí ilẹ̀kùn ni àgádágodo wà. O rẹ́rìn-ín, Elisha, mo gbọ́ ọ. O wá ní kí n gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, pé o mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan níbẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ rẹ sí ọ̀dọ̀ wa, mọ́tò kan ni, ó gba Ìbòkun, ó dé. O ti dé Nàìróbì nítorí opó, o kò tíì dé Ọ̀tan-Ilé.

Mo pa fóònù, mo jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn bẹ́ǹṣì òfìfo náà. Àpìkẹ́ wá jókòó tì mí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun, ṣé mo ti gbàgbé ọmọ ẹni tí a jẹ́ ni.

Ìwọ ò bá bàbá wa láyé. Òṣómàáló ni. Ó ń ta aṣọ àwìn kiri títí dé Ẹdẹ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó bá ń fi í ṣeré, kì í jà, kì í sì í bú u. Á kàn lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún láàárọ̀ kùtù, á ní òṣó lòun máa ló títí tí tòun yóò fi dé ọwọ́ òun. Ẹni tó bá fẹ́ jáde nílé, àfi kó fo àgbàlagbà kọjá lójú gbogbo àdúgbò. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ló fi kọ́ ilé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlóṣòó ni. Àrẹ̀mú ní àṣà Ìjẹ̀ṣà ni. Àpìkẹ́ ní àwa náà ní àṣà Ìjẹ̀ṣà. Mo dìde. A ò ní láti wọ mọ́tò lọ sí Àbẹ̀rẹ̀ kí á tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí Àrẹ̀mú tó fọnu, àwa mẹ́fà ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: èmi, Àpìkẹ́, Munawwarah, àti àwọn akọrin mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn lápapọ̀ ju ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ. A ò kọrin, a ò pariwo. Mo ti sọ fún wọn pé ariwo ti pọ̀ tó lórí fóònù. Àrẹ̀mú ṣílẹ̀kùn, ó rí orí mẹ́fà tó wé gèlè nísàlẹ̀, ó ní ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ìyá, kí lẹ ń fẹ́. Mo ní kọ́kọ́rọ́. Ó ti ilẹ̀kùn padà. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, ìyàwó rẹ̀ bu omi fún wa.

Lọ́jọ́ kejì ó gba ojú fèrèsé jáde. Agbádá rẹ̀ fi ìṣó kọ́, ó rọ̀ dirodiro síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé dúró, wọ́n kí i kú àárọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n sọ ọ́ fún ọ kí o mọ̀, ìlóṣòó ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin kò dà bíi kí èèyàn fọwọ́ tẹ ibi aláwọ̀ búlúù lórí fóònù.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó Àrẹ̀mú jáde, omi kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká ìró rẹ̀, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpìkẹ́. Ọkọ rẹ̀ bi í láti inú ilé pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní ọkọ òun dàgbà ju òun lọ, òun ń fi kọ́ra de ọjọ́ opó ni. A wá di méje. Kò sí ẹni tó dáná nílé náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó di ọ̀sán, Àrẹ̀mú jáde, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ má ba òun jẹ́, ṣé ẹ ò mọ̀ pé òun náà wà lẹ́yìn Àpìkẹ́ ni. Mo ní báwo. Ó yọ fóònù, ó fi ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ hàn mí, orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ gbàgbàgbà, Àrẹ̀mú Ògúnjìnmí, Ọ̀tan-Ilé. Ó ní ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sí òun, ọ̀rọ̀ opó inú rẹ̀ ká òun lára, òun bá fọwọ́ sí i. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Kò ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní òótọ́ ni, o dúró tì í, o dúró ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tìwọ ti kọ́kọ́rọ́ lápò. Nínú gbogbo ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tí mo yá bẹ́ǹṣì sílẹ̀ dè, Elisha, òun nìkan ló ń gbé nítòsí.

Ó bọ́wọ́ sápò. Ó fún Àpìkẹ́ ní kọ́kọ́rọ́. A fẹ́ dìde, a ò lè dìde, ìyàwó rẹ̀ ló ń fà wá sókè níkọ̀ọ̀kan.

Ǹ bá dákẹ́ síbẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì Munawwarah gbé fóònù wá. Àwòrán rẹ ló wà níbẹ̀, ìwọ nìkan, o de fìlà aṣọ òkè, o di ìkúùkù, o nà án sókè bí ẹni fẹ́ lu àjà. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ohùn Aláìlóhùn ti ṣẹ́gun, pé ìjà tí ẹ̀yin jà ló gba ilé padà fún opó kan lábúlé. Opó kan. Ẹni tó ní àwọn ń gbé ohùn rẹ̀ jáde kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ti kí ọ kú iṣẹ́, Àrẹ̀mú wà lára wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, Kọ́múrédì, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Mo ń fi ẹ̀yin bá yín sọ̀rọ̀ nítorí pé ènìyàn ńlá ni yín, ǹ bá kúnlẹ̀ kí yín, ṣùgbọ́n orúnkún mi ti ṣiṣẹ́ yín tán. Ibo lẹ wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Ẹsẹ̀ yín wo ló kú tipiri? Iwájú ilẹ̀kùn wo lẹ ti ja ìjà yìí?

Ó tó. Ìwọ, Elisha.

Ọdún kejìdínlógójì rèé tí bàbá rẹ kú, o ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilé tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí gan-an. Ẹkún lèmi ń sun ní tèmi. Àpìkẹ́, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ló pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, tó lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ fún ọjọ́ márùn-ún. O tọ̀ sí i lẹ́yìn, kò dìde. Ojú tì mí pé mo gbàgbé. Mo rò pé nígbà tí a ti ní irú rẹ, a ti kúrò ní ẹni tó ń fi orúnkún jà. Ìwọ ni ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó kéré jù tí mo rí rí, o sì jà á dáadáa, nítorí pé nígbà náà o wà níbẹ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí. Yọ àwòrán rẹ kúrò, kí o kọ orúkọ àwa méjèèje síbẹ̀, pẹ̀lú àmì lórí wọn. Wá owó ìpara orúnkún ìgò méje, èyí tó ń ta yẹ́ríyẹ́rí ni o, àti owó àgádágodo tuntun tí Àpìkẹ́ nìkan yóò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Má fi owó náà sí báǹkì. Báǹkì ti ní kí n fojú mi han ẹ̀rọ kan kó lè dá mi mọ̀, mo fojú hàn án, ó ní kí n yínjú, mo yínjú, ó ní òun ò mọ̀ mí rí. Ó sàn kí n gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ mí.

Obìnrin kan wá láti Ìmẹ̀sí-Ilé lánàá, Ikhlas lorúkọ rẹ̀. Àwọn àna rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta, ó ní òun gbọ́ pé àwọn ìyá kan wà ní Ọ̀tan-Ilé. Kò gbọ́ nípa ẹgbẹ́ yín. A ó lọ bá a lóṣòó ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti dá bẹ́ǹṣì mẹ́rìndínlógún padà fún Alàgbà, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ níwájú ilé. Mi ò retí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mọ́. Ẹnì kan ni mò ń retí, èmi ni mo sì bí i.

Ọlọ́run tó fún ọ ní ohùn yóò fún ọ ní orúnkún. Ọ̀nà tí o bá rìn yóò mọ ẹsẹ̀ rẹ. Wọn kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, ìwọ náà kò sì ní wà níbi tí wọ́n ti ń tì í mọ́ ẹlòmíràn kí o máa wò. Bí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má tẹ̀ka fún mi.

Èmi ni Yèyé rẹ,
Sẹ̀gilọlá Fásanmí, Tíṣà.

Àpìkẹ́ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ẹ̀yìn òun kò gbé ọ mọ́, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá.